Kí Ló Gbẹ Itọ́ Lẹ́nu Ìyá Ahọ́n?

Kí ni ó gbẹ itọ́ lẹ́nu obìnrin tí ó ti ń fi ahọ́n rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún? Ìbéèrè náà kò le lójú àwọn tí kò kàn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ dáhùn rẹ̀ kí a tó béèrè rẹ̀ tán: ọjọ́ orí ni. Ọkọ obìnrin náà ní àròyé ni, nítorí pé kò sí kànga tí a ń fa omi inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí kì í gbẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní ìrònú ni. Obìnrin náà nìkan ni kò gba èyíkéyìí nínú ìdáhùn wọ̀nyí. Kì í ṣe pé ó ní èyí tí ó sàn ju tiwọn lọ. Ó kàn mọ̀ pé a lè tún ọ̀rọ̀ kan sọ nígbà ọgọ́rùn-ún kí ó má tìtorí bẹ́ẹ̀ di òótọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́ bisikíìtì wò. Ní àràárọ̀, kí ọkọ̀ ẹrù kankan tó jáde nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, wọn a gbé àwo funfun mẹ́jọ wá sí yàrá ìtọ́wò, àwo kan láti inú ààrò kọ̀ọ̀kan. Yàrá ọ̀hún kò ní ju tábìlì kan, àga mẹ́ta, kete omi kan, àti fèrèsé tí a kì í ṣí kí òórùn ìta má baà wọlé. Ìyá Ahọ́n, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń pè é, a gé díẹ̀ jẹ, a di ojú, a sì dájọ́. "Bọ́tà ààrò kẹta ti ń kan." "Ẹni tí ó po ti ààrò kẹfà, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó. Kò rántí ṣúgà." Wọn a lọ wò ó, wọn a sì bá a bẹ́ẹ̀, àfi ti ìyàwó nìkan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó tọ́ ti ààrò kejì wò, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Atọ́wò kejì, obìnrin tí ó jókòó tì í, ti tu tirẹ̀ sínú bébà. Apòyẹ̀fun ti da iyọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iyọ̀ inú bisikíìtì náà tó ohun tí a fi ń pa ẹran mọ́. Ìyá Ahọ́n gé e jẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé bisikíìtì náà ni ó dà á.

Báyìí ni ohun tí ó ti ń fi pa mọ́ láti oṣù mẹ́fà ṣe di mímọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kàn ń béèrè omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn náà, búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu rẹ̀ bí àtè. Bí ó bá jí, ahọ́n rẹ̀ a ti gan, a máa ha án lẹ́nu bí awọ bàtà tí a gbàgbé sínú oòrùn. Tíì di omi gbígbóná lásán. Ọbẹ̀ di nǹkan rírọ̀ tí ó pupa. Ohun tí ó sì ṣe sí i ni ohun tí gbogbo atọ́wò ìran tirẹ̀ yóò ṣe: ó ń fọ ẹnu. Wọ́n ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnu atọ́wò gbọ́dọ̀ mọ́ ju àwo rẹ̀ lọ. Bí ó ti ń gbẹ sí i ni ó ń fi omi ìfọnu aláwọ̀ ewé tí ń ta ni lẹ́nu fọ̀ ọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Ìdúró tù mí lára, ọ̀gá."

Ẹni nǹkan bí ogójì ọdún ni ọ̀gá náà, ọmọlúàbí tí kì í pariwo, èyí tí ó mú kí ó ṣòro láti bá a jà. Ó ti ìwé kan síwájú rẹ̀. "Kì í ṣe ìyà o, Màmá. Ẹ ó lọ sí yàrá ìdìpọ̀. Ibẹ̀ tutù, àga wà níbẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ ò wúwo. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni yín. Ẹ kàn buwọ́ lù ú pé ọjọ́ orí ti dé sí ahọ́n yín, ó parí."

"Ọjọ́ orí wo? Ọjọ́ orí tó wọlé, tó fo orúnkún mi, tó fo ojú mi, tó fo etí tí mo fi ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń sọ lẹ́yìn ògiri yìí, tó wá lọ tẹ́ ẹní sórí ahọ́n nìkan? Ọjọ́ orí yẹn mọ ilé tó ń wá o!"

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu ọ̀gá náà. Ó fi ọwọ́ bò ó. "Mi ò fẹ́ bá yín jiyàn."

"Èmi fẹ́. Ẹ fún mi ní oṣù méjì. Tí mo bá wádìí, tí mo sì rí i pé ọjọ́ orí ni, màá buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n mi ò ní buwọ́ lu ohun tí mi ò mọ̀."

"Ta ló máa tọ́ bisikíìtì wò títí dìgbà yẹn?"

"Ẹni tó mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ kí n tó mọ̀. Ó mọ iṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Kí a sọ òtítọ́: ohun tí ọ̀gá náà wí kì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé. Ahọ́n a máa dàgbà pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni ọjọ́ orí máa ń rìn, bí ẹni tí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun. Ohun tí ó yẹ kí ó gba ogún ọdún kò gbọ́dọ̀ parí láàrin oṣù mẹ́fà. Bí ó bá parí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí á wá ẹlòmíràn tí ó ràn án lọ́wọ́. Èyí ni Ìyá Ahọ́n rò bí ó ti ń lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títún bàtà ṣe, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìparí.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ò ní gba yàrá ìdìpọ̀ yẹn? Wọ́n ní àga wà níbẹ̀."

"Àga wà nílé yìí náà. Ṣé ìdí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n tó o bá ń wádìí, jọ̀wọ́, wádìí iyọ̀ ọbẹ̀ náà mọ́ ọn. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń mu omi bíi ràkúnmí." Nígbà tí ó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ọ̀la la jọ ń lọ sí ọsibítù. Èmi náà ò gbà pé o ti darúgbó. Tí ìwọ bá ti darúgbó, kí wá lèmi?"

Dókítà obìnrin tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ìbéèrè púpọ̀, ó sì sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Ṣé ó ń tọ̀ léraléra? Àtọ̀gbẹ a máa gbẹ ẹnu. Ṣé ojú rẹ̀ náà ń gbẹ, tí oríkèé sì ń ro ó? Àìsàn kan wà tí ara máa ń bá orísun itọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ jagun. Ṣé a ti fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú rẹ̀ rí ní orí tàbí ní ọrùn? Ṣé ó ń mu sìgá? Ṣé ẹnu ni ó fi ń mí bí ó bá sùn?

"Ẹ̀ ń lo oògùn kankan?"

"Rárá o. Èmi àti oògùn ò mọ ilé ara wa."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, èsì dé: kò sí àtọ̀gbẹ, kò sí ìjà nínú ara.

"Ṣé ọjọ́ orí náà ni, dókítà?" Ìyá Ahọ́n béèrè, bí ẹni tí ó ti di àmùrè.

"Ọjọ́ orí nìkan kì í sábà gbẹ ẹnu, Màmá. Àwọn ohun tó ń bá ọjọ́ orí rìn ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ lọ rí dókítà eyín."

Bí wọ́n ti ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní, "Èmi ni mò ń bá ọ rìn láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí báyìí?"

Dókítà eyín jẹ́ àgbàlagbà tí ń kọrin jẹ́jẹ́ lábẹ́ ìbomú rẹ̀. Ó ti dígí kékeré bọ ẹnu obìnrin náà, orin náà sì dáwọ́ dúró: dígí ọ̀hún ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní láti rọra ṣí i kúrò, bí ẹni tí ń ṣí òǹtẹ̀ lára ìwé. Ó rí eyín méjì tí ó ti ń jẹrà nídìí, ó sì ṣàlàyé pé itọ́ ni ọlọ́dẹ eyín; bí ọlọ́dẹ bá ti sá lọ, kí olè wọlé ni ó kù. Lẹ́yìn náà, ó wọ́n ṣúgà díẹ̀ sórí ahọ́n rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Iyanrìn."

Ó kán omi sí i, ẹ̀kán mẹ́ta péré. Ìyá Ahọ́n di apá àga mú. "Ṣúgà ni," ó wí. Ó tún un wí, ó le díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ: "Ṣúgà ni!"

"Ahọ́n yín ò kú. Ohun tó ń gbé adùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ò sí. Oúnjẹ tí ò bá yọ́ nínú itọ́, ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n. Oògùn wo lẹ̀ ń lò?"

"Mo ti sọ fún ẹni àkọ́kọ́. Kò sí."

Dókítà náà fi ìka lu àwo irin ọwọ́ rẹ̀. "Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn béèrè rẹ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ bá jí títí tẹ́ ẹ fi máa sùn, kí ni gbogbo nǹkan tó ń wọ ẹnu yín tí kì í ṣe oúnjẹ?"

"Omi. Omi ìfọnu."

"Èyí tó ń ta? Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà."

"Áà! Ọtí ló ń ta yín yẹn, ọtí sì máa ń gbẹ ẹnu. Kí ló tún kù?"

"Kò sí. Àfi hóró ibi iṣẹ́."

"Hóró wo?"

"Èyí tí wọ́n ń fún wa mọ́ ìbòrí àti ìbomú lọ́jọ́ Ajé. Nítorí ìyẹ̀fun, kí á má baà máa sín. Ìyẹn kì í ṣe oògùn, dókítà. Ohun èlò iṣẹ́ ni."

Lẹ́nu ọ̀nà tí ó jókòó sí, ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìyẹ̀fun máa ń fò nínú ilé-iṣẹ́ náà bí èéfín. Atọ́wò tí ó bá sì sín lẹ́ẹ̀kan sórí àwo, kí ó dìde nídìí tábìlì ni. Ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó bẹ nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́, nọ́ọ̀sì sì fún un ní hóró tí ń dá sísín dúró, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù kan. Nígbà tí ó yá, ó di àṣà: ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ní ojú fèrèsé kan náà, nínú ọ̀rá kan náà, ìbòrí méje, ìbomú méje, hóró méje. Àwọn apòyẹ̀fun mọ́kànlá náà ń gba tiwọn. Kò sí ẹni tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú ẹnikẹ́ni, nítorí a kì í kọ ìbòrí sínú ìwé ìtọ́jú. Ta ni a bi pé oògùn wo ni ó ń lò tí yóò dárúkọ aṣọ iṣẹ́? Hóró náà dá omi imú dúró lóòótọ́; ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàrin omi imú àti omi ẹnu. Ohun tí obìnrin náà fi ń ṣọ́ iṣẹ́ ahọ́n rẹ̀ ni ó ń sọ ahọ́n náà di aláìníṣẹ́.

Dókítà eyín kò jẹ́ kí ó kàn da hóró náà nù. "Ẹni tí ẹnu ẹ̀ bá gbẹ ò gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ já oògùn ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí ẹlòmíì ń lò nítorí ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tó bá já a, ó lè pa á." Ó fi tẹlifóònù pe dókítà àkọ́kọ́, ìyẹn fi oògùn tí a ń fín sí imú rọ́pò hóró, ó sì ní kí ó wá ìbomú tí ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n dí eyín méjèèjì. Omi ìfọnu aláwọ̀ ewé kúrò nílé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ díẹ̀ àti sódà ìpòyẹ̀fun díẹ̀ sí gba ipò rẹ̀. Ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìgò kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, tí ọkọ rẹ̀ fi ń sọ pé òun ti fẹ́ ọmọ ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó bu ọsàn kan jẹ nínú ilé ìdáná, itọ́ sì sun lábẹ́ eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Ó kan!" ó pariwo. "Bàbá wọn, ó kan!"

"Ìgbà wo ni ọsàn kíkan di ìròyìn ayọ̀ nílé yìí?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè láti pálọ̀, ṣùgbọ́n ó ti dìde.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, Ìyá Ahọ́n dé ojú fèrèsé nọ́ọ̀sì. Ó gba ìbòrí, ó gba ìbomú, ó sì ti hóró méje padà.

"Màmá, kí ló dé?"

Ó sọ fún un. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Òun ni ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ àti àbúrò méjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ dókítà kankan, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n á lé mi. Ẹnu yín ti ń tutù báyìí. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ẹ má dárúkọ mi."

Ìyá Ahọ́n ká ìbòrí rẹ̀ sábẹ́ apá. "Mo gbọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Má tíì dúpẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́."

Oṣù méjì tí ó tọrọ pé, ọ̀gá sì ṣètò ìdánwò fún ahọ́n rẹ̀ nínú yàrá ìtọ́wò. Ọ̀gá jókòó sí òpin tábìlì. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́bàá ògiri, nítorí òfin ilé-iṣẹ́ ni pé kí ó wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí pé ara atọ́wò le. Àwo mẹ́jọ ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ọ́mọ̀ ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́nà kan. Ìyá Ahọ́n tọ́ wọn wò láìkánjú. Ó mú iyọ̀ tí ó pọ̀, ó mú bọ́tà tí ó kan, ó mú ṣúgà tí ó dín. Ó gba mẹ́fà. Ó ṣi méjì: èyí tí ó jó díẹ̀ nísàlẹ̀, àti èyí tí mílíìkì rẹ̀ kò tó.

"Ẹ gbìyànjú gan-an," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ṣùgbọ́n mẹ́fà kì í ṣe mẹ́jọ, Màmá."

"Oṣù méjì sẹ́yìn, mi ò lè gba ẹyọ kan. Kí lẹ rò pé màá gbà lóṣù méjì sí i?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ ohun tó fà á. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni, mẹ́fà yìí ló máa di márùn-ún, tó máa di mẹ́ta, ọkọ̀ ẹrù á sì ti lọ kí a tó mọ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn tó ti kúrò lára yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀."

"Ẹ káre. Ibi tí mo fẹ́ kí á dé gan-an nìyẹn." Ó gbé ìwé dókítà eyín kalẹ̀.

Ọ̀gá kà á, ó sì ṣí fáìlì mìíràn tí ó ti múra sílẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé oògùn sísín ni. Ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo ti yẹ ìwé ìtọ́jú yín wò níbí, Màmá, láti ọdún méjì. Oògùn kan ò sí nínú ẹ̀, àní ti orí fífọ́. Ta ló fún yín?"

"Ẹni tó fún mi."

"Ẹ dárúkọ ẹ̀."

"Ó ti o."

"Màmá, iṣẹ́ yín ló wà lórí tábìlì yìí! Ẹ dárúkọ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ buwọ́ lu ìwé."

"Mi ò ní ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó fún mi lóògùn náà ní ẹnu tó lè fi sọ̀rọ̀. Ẹnu tiẹ̀ ò gbẹ." Ó ti ìwé tí kò buwọ́ lù náà padà sọ́dọ̀ ọ̀gá pẹ̀lú ìka kan, ó sì ká ọwọ́ lé àyà. "Tó bá di alẹ́, ẹ ó bá mi níbí. Àga wà."

Ọ̀gá wo aago. Obìnrin tí ó ti ń di ipò rẹ̀ mú kó àwọn àwo jọ lórí ara wọn láìpariwo. Ní ìta, nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń po ìyẹ̀fun, ọ̀kan nínú àwọn apòyẹ̀fun mọ́kànlá náà gbé ìgò omi sẹ́nu, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ahọ́n lá ètè, ó sì tún gbé e sẹ́nu. Gíláàsì ìlẹ̀kùn mú kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú yàrá rí i. Nọ́ọ̀sì náà rí i.

"Ọ̀gá," ni ó wí. Ó gbé itọ́ mì, ó sì kúrò lẹ́bàá ògiri. "Kì í ṣe ọjọ́ orí. Hóró sísín ni, èmi ni mo sì ń fún wọn, ní gbogbo ọjọ́ Ajé, láti bí oṣù mọ́kànlá, láìkọ ọ́ sílẹ̀, láìbi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ẹnu wọn ń gbẹ."